Mò ń lé ìjọra-ẹni-lójú, kò sì lọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbìyànjú láti bọ́ ìjọra-ẹni-lójú sílẹ̀. Mò ń gbàdúrà, mò ń gbààwẹ̀, mo sì máa ń jókòó ṣe àṣàrò láràárọ̀. Èmi ni mo ń ṣètò ìpéjọpọ̀ ẹgbẹ́ àdúrà wa. Nígbà tí a ṣe èyí tó kọjá, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, wọn ò dárúkọ mi. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n mi ò fojú kan oorun lóru ọjọ́ náà. Ojú tún wá ń tì mí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè dùn mí, mo sì ń bú ara mi. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, tí mo bá rẹ ara mi sílẹ̀ tó yọrí, inú mi a máa dùn pé mo sàn ju àwọn tó kù lọ. Ìyàwó mi ní ṣe ni mo sọ ara mi di ẹrú àwọn ènìyàn. Kí ni kí n ṣe? Ibo ni ìrẹ̀lẹ̀ parí sí, ibo sì ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìtìjú kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tí wọ́n gbójú fò ó, ó yẹ kó dùn ún. Ìdùn yẹn nìkan kì í ṣe ìjọra-ẹni-lójú. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ká jọ yẹ̀ wò, ìyẹn ohun tí ẹ ń ṣe lórí ibùsùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bó ṣe máa ń rí lára ọ̀pọ̀ wa nìyí. Àyà á kọ́kọ́ gbóná, eyín á fún pọ̀. Lẹ́yìn náà ọkàn á pe ilé ẹjọ́ jọ. Ẹ̀yin ni olùpẹ̀jọ́, ẹ̀yin ni agbẹjọ́rò, ẹ̀yin náà ni adájọ́. Ẹni tó di gbohùngbohùn mú lọ́jọ́ náà ni olùjẹ́jọ́, kò sì sí níbẹ̀ láti sọ tẹnu rẹ̀. Ta ló pe àwọn tó wá? Ta ló kù sẹ́yìn láti kó àga jọ? Ẹ dá ẹjọ́ tán, ẹ jàre, àmọ́ oorun kò wá, nítorí pé kò sí ẹni tó gbọ́ ìdájọ́ náà. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ilé ẹjọ́ yẹn gan-an ni ìjọra-ẹni-lójú. Nígbà tó sì di àfẹ̀mọ́júmọ́ tí ìtìjú dé, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara yín, ẹ má rò pé ilé ẹjọ́ ti tú ká. Wọ́n kàn gbé yín kúrò lórí àga adájọ́ lọ sínú àpótí olùjẹ́jọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹni kan náà ni wọ́n ṣì ń sọ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùfọkànsìn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé bí ẹnì kan bá ti ń bú ara rẹ̀, ó ti ń di onírẹ̀lẹ̀. Ẹ̀kọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti tú àṣírí èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀nà mẹ́ta ni ìgbéraga máa ń gbà sọ̀rọ̀: “mo sàn jù ú lọ”, “èmi àti òun dọ́gba”, àti “mo burú jù ú lọ”. Ẹ̀kẹta yẹn ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ pé òun ló burú jù nínú gbogbo ènìyàn ṣì ń fi ara rẹ̀ wé àwọn ènìyàn láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n tún ka ìdè mẹ́wàá tó so ènìyàn mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi ìgbéraga yìí sínú márùn-ún tó máa ń já kẹ́yìn, tí kì í já àfi lára ẹni tó ti dé òpin ọ̀nà. Nítorí náà, tí ẹ bá rò pé ó yẹ kó ti lọ pẹ̀lú bí ẹ ṣe ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tó, ẹ fara balẹ̀.

Ìwádìí kan tí Michael Ross àti Fiore Sicoly gbé jáde lọ́dún 1979 bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Wọ́n bi ọkọ àti aya léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé báwo ni ìpín tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kó nínú àwọn nǹkan inú ilé ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí wọ́n ro ohun tí àwọn méjèèjì sọ pọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ó ju odindi lọ. Títí dé orí ohun tí kò buyì kúnni, irú bíi dídá ìjà sílẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan tún ń gbà ju ìpín tirẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìyìn nìkan là ń wá. Ohun tí a fúnra wa ṣe ló máa ń tètè wá sí wa lọ́kàn, ìbáà jẹ́ rere, ìbáà jẹ́ búburú, a sì máa ń rò pé bó ṣe pọ̀ tó lójú wa náà ló ṣe pọ̀ tó ní tòótọ́.

Àwọn tó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ó dá mi lójú pé ẹ rò pé gbogbo wọn ló ṣàkíyèsí pé wọn ò dárúkọ yín. Lọ́dún 2000, Thomas Gilovich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde àdánwò kan jáde. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ ẹ̀wù tí àwòrán olórin kan wà níwájú rẹ̀, irú èyí tí ojú máa ti ọ̀dọ́ láti wọ̀ jáde, kó sì wọlé bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú yàrá. Àwọn tó wọ ẹ̀wù náà fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ ló dá ẹni inú àwòrán náà mọ̀. Iye tó dá a mọ̀ ní tòótọ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn yín má fura rárá lọ́jọ́ náà. Olúkúlùkù ń gbọ́ bóyá orúkọ tòun á jáde ni.

Kí wá ni ṣíṣe? Lójú tèmi, a kì í fi lílù pa ìjọra-ẹni-lójú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń lù ú, ara rẹ̀ ni ojú yín wà, ìyẹn gan-an ló sì ń fẹ́. Àfi kí ojú yín kúrò lára rẹ̀, kó bọ́ sára ohun mìíràn: ara òtítọ́, ara àwọn ènìyàn, ara Ẹni tí ẹ ń gbàdúrà sí. Èyí rọrùn láti sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ta yín, ẹ má sọ fún ara yín pé kò dùn yín. Irọ́ ni, ara á sì sọ ọ́ fún yín lóru. Ẹ sọ ọ́ sínú bó ṣe rí: “Ó dùn mí.” Kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má fi “nítorí pé” kún un, torí gbàrà tí “nítorí pé” bá ti wọlé, ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá ibi tí ìdùn náà wà: ṣé àyà ni, ṣé ọ̀fun ni, ṣé inú ni? Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ẹ máa mí. Ìdùn tí a ò ro ẹjọ́ mọ́ kì í sábà pẹ́. Ìtàn tí a ń tún sọ ló ń mú un pẹ́.

Ọkàn á tún padà sídìí ẹjọ́, ó dájú. Ẹ má bínú sí i. Ẹ kàn padà sídìí mímí, tàbí sídìí gbólóhùn àdúrà kúkúrú kan tí ẹ ti yàn tẹ́lẹ̀. Èyí tí kò ní “èmi” nínú ni mo fara mọ́ jù: orúkọ Ọlọ́run nìkan, tàbí “kí ara tu gbogbo ènìyàn”. Àdúrà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Olúwa, Ìwọ ṣáà mọ gbogbo ohun tí mo ṣe fún wọn”, ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹjọ́ kan náà ni, a kàn gbé e lọ sí kóòtù gíga ni. Farisí inú Lúùkù orí 18 náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run o, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú ọpẹ́ rẹ̀: ààwẹ̀ tòun, ìdámẹ́wàá tòun, àti agbowó-òde tó dúró lẹ́yìn tí òun fi ń díwọ̀n ara òun.

Bí ara bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ wò yíká. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ta tún ni wọn ò dárúkọ lọ́jọ́ náà? Ó dájú pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ẹnì kan gbá ilẹ̀ kí èrò tó dé. Ẹnì kan gbé arúgbó kan dé ibi ìjókòó rẹ̀, ó sì tún sìn ín jáde. Ẹ lọ bá ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ dárúkọ ohun tó ṣe gan-an. Èrò kan lè sọ sí yín lọ́kàn pé ẹ fẹ́ fi ìyẹn hàn pé ẹ sàn ju ẹni tó gbàgbé lọ ni. Bó bá tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lọ. Ọpẹ́ tọ́ sí ẹni náà, kò sì yẹ kó pàdánù rẹ̀ nítorí pé inú tiyín ò tíì mọ́ tán.

Èyí gbé mi dé ìdùnnú tó máa ń yọ́ wọlé lẹ́yìn ìrẹ̀lẹ̀, tí ẹ sọ pé ó ń dààmú yín. Kò tuntun rárá. Evagrius, tó bá àwọn tó yara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà gbé ní aṣálẹ̀ Íjíbítì, tó sì kú lọ́dún 399, ka èrò mẹ́jọ tó ń yọ olùfọkànsìn lẹ́nu. Ṣekárími wà nínú wọn, ọ̀tọ̀ ló sì fi ìgbéraga sí. Ó ní òun ṣàkíyèsí pé nígbà tí àwọn ẹ̀mí burúkú tó kù bá ti ṣubú, ìgbà náà ni ṣekárími máa ń sún mọ́ ènìyàn láìtijú, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ rere rẹ̀ sí i létí. Ní Jámánì, Jochen Gebauer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn tó ń kọ́ yoga fún ọ̀sẹ̀ 15, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 2018: lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yoga tán, ńṣe ni wọ́n túbọ̀ ń ka ara wọn sí ẹni tó sàn ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Wọ́n rí ohun tó jọ ọ́ lára àwọn tó ń ṣe àṣàrò. Ohun tí ènìyàn bá ti ń mọ̀ ọ́n ṣe ni ara rẹ̀ máa ń fẹ́ fi yangàn, ìfọkànsìn ò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Oògùn rẹ̀ kò le. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì bọ́ sídìí iṣẹ́ tó kàn. Ẹ má tú inú ara yín wò títí láti mọ bóyá èrò náà ti lọ, ẹ má sì torí rẹ̀ dá iṣẹ́ rere dúró. Ẹni tó bá jáwọ́ nínú iṣẹ́ rere kí inú rẹ̀ má baà dùn sí ara rẹ̀ ti tún gbé inú ara rẹ̀ ṣáájú àwọn tí iṣẹ́ náà wà fún.

Àṣìṣe kan wà tí mo ń rí ṣáá, àfi kí n sọ ọ́. Benedict, tó kọ òfin fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Ítálì ní ọ̀rúndún kẹfà, to ìrẹ̀lẹ̀ ní ipele 12. Orí títẹ̀ba àti ojú tó ń wolẹ̀ ló fi ṣe ìkejìlá. Èyí tó fi ṣe àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo, kó má gbàgbé. Ọ̀pọ̀ wa ló ti ìkejìlá bẹ̀rẹ̀: ohùn á rọ̀, ọrùn á tẹ̀, “èmi ẹni tí kò yẹ” á máa jáde lẹ́nu. Tí wọ́n bá yìn wá, a ó ní “háà, èmi kọ́, mi ò jẹ́ nǹkan kan”, ẹni tó yìn wá á sì ní láti tún wa yìn lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó lè lọ. Tí wọ́n bá yìn yín, ẹ ní “ẹ ṣeun, inú mi dùn pé ó wúlò”, kí ẹ sì dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti máa dánra wò jù, nítorí pé ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ní òun ò rí oorun sùn mọ́ láti ìgbà tí ìyá òun ti ń ṣàìsàn. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ìtàn àìsàn ìyá tiyín ti dé orí ahọ́n. Ẹ gbé e mì. Ẹ bi í pé, “Ṣé òru ló máa ń le sí i?” Ó dáhùn. Ẹ tún fa ìbéèrè kejì yọ látinú ìdáhùn rẹ̀. Èkejì yẹn ló ṣòro. Ìwà ọmọlúàbí lásán lè bá wa bi àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n a ò lè bi èkejì láìgbọ́ ohun tó sọ. Ní àkókò kékeré yẹn, ẹ ti gbàgbé ara yín, ẹ ò sì mọ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kì í ní ìró kankan.

Ohun kejì ni ìbáwí. Tí ẹnì kan bá sọ pé ẹ ṣe àṣìṣe, àgàgà ẹni tó kéré sí yín lọ́jọ́ orí tàbí ní ipò, àlàyé ló máa ń kọ́kọ́ sáré jáde lẹ́nu. Ẹ fi ìbéèrè kan rọ́pò rẹ̀: “Níbo ni?” Ẹ gbọ́ ọ tán. Bóyá apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, apá kan ò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú èyí tó jẹ́ òtítọ́, kí ẹ dúpẹ́ lé e. Èyí tó kù ṣeé sọ lọ́la.

Ní ti iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀, gbogbo ẹlẹ́sìn ló ti gbọ́ ọ: kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn lórí rẹ̀. Kí ẹ ṣáà rántí pé sísọ ọ́ fún ìyàwó ẹni ní àṣálẹ́ wà lára jíjẹ́ kó di mímọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyàwó yín, mo sì rò pé ó rí nǹkan tí ẹ̀yin ò rí. Nínú hádíìsì kan (ọ̀rọ̀ Ànábì tí wọ́n kọ sílẹ̀) tó wà nínú àkójọ ọ̀mọ̀wé tó ń jẹ́ Muslim, Ànábì Muhammad sọ pé ẹni tí ìgbéraga tó ìwọ̀n èérún tó kéré jù lọ bá wà lọ́kàn rẹ̀ kò ní wọ Párádísè. Ẹnì kan wá béèrè nípa ẹni tó fẹ́ kí aṣọ òun dára, kí bàtà òun dára. Ìdáhùn tó gbà ni pé Ọlọ́run rẹwà, Ó sì fẹ́ràn ẹwà. Ohun tí ń jẹ́ ìgbéraga ni kíkọ òtítọ́ sílẹ̀ àti fífojú tẹ́ńbẹ́lú ènìyàn. Mo fẹ́ràn ìwọ̀n yìí nítorí pé ó ṣeé lò. Bí ẹ bá sọ pé “èmi ni mo ṣètò ìpéjọpọ̀ náà”, ṣé ẹ kọ òtítọ́? Rárá. Ṣé ẹ fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnikẹ́ni? Rárá. Ẹ lè sọ ọ́ nìyẹn. Teresa ti Ávila, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Sípéènì, náà kọ ọ́ ní 1577 pé ìrẹ̀lẹ̀ ni rírìn nínú òtítọ́. Ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ títí tí àwọn ènìyàn fi ń ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ kò rìn nínú òtítọ́, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ rọ̀ tó.

Nígbà náà, kí ni ẹ ó ṣe sí ti ìpéjọpọ̀ yẹn? Ẹ bi ara yín pé tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n gbójú fò, ṣé ẹ máa dá sí i? Tí iṣẹ́ náà bá ń wọ̀ yín lọ́rùn, tí ẹ nílò ẹni tí yóò ràn yín lọ́wọ́, tí àwọn ènìyàn ò sì mọ̀ torí pé wọn ò mọ ẹni tó ń ṣe é, ẹ sọ ọ́ láìfi ìbínú sí i: “Èmi nìkan ni mo ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ kí ẹnì kan kún mi lọ́wọ́.” Tó bá jẹ́ pé orúkọ nìkan ni, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ọ, nítorí ìyẹn burú ju méjèèjì lọ.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi lé e, mi ò sì ní rọ ohùn mi lórí rẹ̀. Tí olórí kan bá ń sọ fún yín lójoojúmọ́ pé kí ẹ pa ara yín rẹ́, tó wá jẹ́ pé òun ló ń jèrè rẹ̀, tí àga tirẹ̀ ń ga sí i bí ọrùn yín ṣe ń tẹ̀, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bákan náà, ẹni tí ìbànújẹ́ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń jí lójoojúmọ́ pẹ̀lú èrò pé òun ò wúlò fún nǹkan kan, kì í ṣe iṣẹ́ yìí ló kàn án báyìí. Kó kọ́kọ́ rí oníṣègùn tàbí ẹni tó mọ̀ nípa ìlera ọpọlọ.

Ẹ má máa yẹ ara yín wò láràárọ̀ láti mọ bí ìrẹ̀lẹ̀ yín ṣe dàgbà tó. Ẹ wá ẹnì kan tí kò bẹ̀rù yín, tí kò sì sí lábẹ́ yín, kí ẹ fún un láyè láti sọ fún yín pé “o ti tún bẹ̀rẹ̀” nígbàkígbà tó bá rí i. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ìyàwó yín lè ṣe é. Nígbà tó bá sì sọ ọ́, ẹ bi í pé, “Níbo ni?”